"Ojú-oòrùn" tàbí "awọ̀nmọ́lẹ̀"?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí sẹ́ńsọ̀ ara síìlìn, èyí tó máa ń rẹ iná yàrá sílẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ bá ti pọ̀ tó, máa jẹ́ "ojú-oòrùn". Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn. Oníṣẹ́ iná tó bá gbọ́ "ojú-oòrùn" yóò dojú rẹ̀ kọ fèrèsé ni, iṣẹ́ sì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Kì í ṣe oòrùn ni nǹkan yìí ń wò. Ní Kàbà, láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Keje, ìhà àríwá ni oòrùn máa ń wà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Fèrèsé tó kọjú sí gúúsù kì í rí i rárá, síbẹ̀ yàrá mọ́lẹ̀ tó láti kàwé. Tábìlì ni sẹ́ńsọ̀ ń wò láti òkè. Ó ń wọn àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó gba fèrèsé wọlé àti ti gílóòbù. Ẹ dojú rẹ̀ kọ fèrèsé, yóò pa gbogbo iná, ẹni tó jókòó sídìí ògiri lọ́hùn-ún á wà nínú òkùnkùn. Ẹ kàn án síbi tí gílóòbù ti ń tàn sí i lójú, yóò rò pé ilẹ̀ ti mọ́, yóò pa iná. Ibẹ̀ á ṣókùnkùn, yóò tún tàn án, á sì máa ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ lọ. Irú kan wà lóòótọ́ tó jẹ́ pé fèrèsé nìkan ló ń wò, tó ń fìyẹn ṣírò ti orí tábìlì. Bí ẹ bá ta kú pé "ojú-oòrùn" kò gbọdọ̀ ṣòfò, ẹ fún ìyẹn.

"Awọ̀nmọ́lẹ̀" ni tèmi. Àwọn kan ní a ó ṣì í pè mọ́ ẹ̀rọ ọwọ́ tí a fi ń ka lux (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí nǹkan). Rárá o, òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nìyẹn, kò láṣẹ lórí iná kankan.

Ẹni tó bá kàn béèrè "sẹ́ńsọ̀" lọ́jà lè gba ohun mìíràn wálé. Èyí tó ń tan iná ìta bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ jẹ́ ká pè é ní atanlálẹ́. Bí ẹ bá gbé e sínú kíláàsì, kò ní tanná àfi tí ilẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú tán, àwọn ọmọ á sì ti lọ sílé. Èyí tó ń mọ ooru ara ẹni tó bá ń kọjá, afura bá a mu, torí ẹ̀ṣọ́ ni.

"Pa iná díẹ̀" tí ẹnì kan dá lábàá kò tọ̀nà. Pípa yàtọ̀ sí rírẹ sílẹ̀, bí a ti ń yí òwú àtùpà wálẹ̀. Gílóòbù LED lásán kò ṣeé rẹ sílẹ̀, yóò máa gbọ̀n ni. Ó gbọ́dọ̀ ní dráífà (ẹ̀rọ kékeré tó ń bọ́ LED ní iná) tó gbà bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn ń lo wáyà tín-ínrín méjì fún àṣẹ fóltì 0 sí 10. Awọ̀nmọ́lẹ̀ tó ń pa iná tó sì ń tàn án nìkan, tí kì í rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nílò àlàfo láàárín ìwọ̀n tí yóò fi tàn án àti èyí tí yóò fi pa á. Bí gílóòbù nìkan bá ń fún tábìlì ní lux 300 lóru, tí ẹ sì ní kó tàn ní 300, ìwọ̀n tí yóò fi pa gbọ́dọ̀ ju 600 lọ, 650 dára. Ẹ tún fún un ní sùúrù ìṣẹ́jú 10, kí ìkùukùu tó bá kọjá má baà dà á láàmú. ("Sùúrù" gan-an ni mo fẹ́ fún orúkọ rẹ̀.)

Ẹ wo kíláàsì kan ní Mọ̀pà, gílóòbù gígùn 12, wátì 18 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́ta tó bá fèrèsé dọ́gba. Ìlà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé jẹ́ wátì 72. Bí ó bá kú fún wákàtí 6, wátì-wákàtí 432 ni bátìrì ínfátà jèrè lójúmọ́. Àmọ́ bí gbogbo ìlà bá wà lórí súwíìṣì kan ṣoṣo, awọ̀nmọ́lẹ̀ kò ní lè pa ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nìkan. Alẹ́ ni kí ẹ to awọ̀nmọ́lẹ̀: ẹ tan iná ní kíkún, ẹ gbé òṣùwọ̀n lé tábìlì láti mọ iye tí gílóòbù nìkan ń fún un. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nu ojú awọ̀nmọ́lẹ̀. Bí eruku bá bò ó, yóò rò pé ilẹ̀ ṣú, iná á sì máa jó lásán.

Ní ti lux àti wátì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Ara páálí ni wọ́n ti ń kà wọ́n.