Ọ̀tọ̀ ni ìbẹ̀rù, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́

Ọmọ Ajílété:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ìrírí tí àwọn tó ṣáájú mi kọ síbí lórí àìbalẹ̀ ọkàn tó ń bá wọn jà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì wọ̀ mí lára gan-an. Mo fẹ́ sọ tèmi torí pé mo ń rí àwọn àbúrò wa tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí wọ́n fẹ́ pa iṣẹ́ tì, tó sì jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ ló ń lé oorun lójú wọn.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Iṣẹ́ ìwádìí tí mo gbájú mọ́ ni bí a ṣe lè fi eérú ṣùkù àgbàdo dín sìmẹ́ǹtì kù nínú kọnkéré. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ó kéré tán, láti ọdún 2009 ni àwọn ọ̀mọ̀wé tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ti tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí ṣùkù ṣe máa ń pọ̀ nílẹ̀ lásìkò ìkórè, tí wọ́n á kó o jọ, tí wọ́n á ṣáná sí i, tó parí síbẹ̀. Silica, èròjà kan náà tó pọ̀ nínú yanrìn, ló pọ̀ nínú eérú yẹn. Bí omi bá kan sìmẹ́ǹtì, ó máa ń tú lime, irú ẹfun kan, sílẹ̀. Silica inú eérú á wá dì mọ́ lime yẹn, wọ́n á di irú ohun kan náà tó ń so yanrìn mọ́ òkúta. Sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná tó tó 1450°C ni, ẹ sì mọ iye tí àpò kan ń lọ báyìí. Tí eérú tí à ń dà nù bá lè rọ́pò ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀, kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó ń kọ́lé.

Ibi dídáná gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí iná bá kéré jù, eérú á dúdú, èédú á ṣì kù nínú rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, tó kọjá nǹkan bíi 700°C tó sì pẹ́ níbẹ̀, silica á le gbagidi, kò ní fẹ́ dá sí lime mọ́. Èyí tó bá jóná dáadáa kì í dúdú mọ́, ó máa ń kúná, kì í ha ọwọ́. Lẹ́yìn náà la ó jọ̀ ọ́, a ó pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, a ó da kọnkéré sínú àpótí irin tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150 mm, tó bá ti dì, a ó yọ ọ́, a ó rì í sómi. Tó bá di ọjọ́ 7, èyí tó ní eérú kì í lágbára tó èyí tó jẹ́ sìmẹ́ǹtì nìkan, torí iṣẹ́ eérú kì í yá. Ní ọjọ́ 28 ló tó ń sún mọ́ ọn, ìgbà míì ẹ̀wẹ̀ ó lè di ọjọ́ 90.

Mo mọ gbogbo èyí. Mo lè kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì. Síbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ tí a fi ẹ̀rọ tẹ àwọn kọnkéré ọlọ́jọ́ 7 fọ́ ká lè mọ agbára wọn, tí agbára wọn rẹlẹ̀ bó ṣe yẹ kó rẹlẹ̀, oorun kọ̀, kò wá. Àyà mi ń lù kì-kì-kì. Mo ń rí ilé alájà méjì tó wó lu àwọn ọmọdé, tó jẹ́ pé eérú tèmi ló wà nínú òpó rẹ̀. Kò sí ilé kankan láyé tí wọ́n fi eérú mi kọ́! Ọkàn mi ò gbọ́. Ó dé ibi pé bí mo bá ń gba àdúgbò Tákìé kọjá, ojú mi á máa wá ibi tí ògiri ilé olówó ti sán, òógùn á bò mí.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀nà mẹ́ta là sílẹ̀ fún mi. Agbaṣẹ́ṣe kan ní kí n wá sí Àbújá wá bójú tó iṣẹ́ títì. Ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà ní kí n dúró ṣe másítáàsì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì ní kí n tètè máa to ìwé mi. Èyíkéyìí tí mo bá dì mú lọ́sàn-án, tó bá di ọ̀gànjọ́, mo ti rí ikú nínú rẹ̀. Àbúrò bàbá mi wá là á mọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ yìí ni kò bá orí mi mu, kí n lọ máa ṣòwò.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan níjọ wa ló fà mí lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n wọn ìfúnpá mi, wọ́n yẹ thyroid wò, èyí tó wà lọ́rùn, torí tó bá ń ṣiṣẹ́ jù, ó lè mú kí ọkàn máa sáré. Wọ́n bi mí ohun tí mò ń jẹ lálẹ́. Mo ní gbànja ni, kí n lè kàwé. Wọ́n ní kí n jáwọ́, pé caffeine tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì náà. Ìyẹn mú un fúyẹ́, àmọ́ kò mú un lọ.

Ọ̀rọ̀ tó tú mi sílẹ̀ ni èyí tí ìyá nọ́ọ̀sì bi mí: “Ọmọ mi, nígbà tí o wà nílé, tí kò síṣẹ́, ṣé ìbẹ̀rù yìí kì í wá?” Mo ronú kàn án. Nígbà ọdún Àjíǹde, mo wà ní ìsọ̀ màmá mi, mò ń bá wọn wọn ẹ̀lùbọ́ sínú àpò. Mi ò rántí kọnkéré rárá. Ṣùgbọ́n àyà mi ń já pé ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀lùbọ́ bọ̀ ti dànù, awakọ̀ ti kú. Nígbà tí ìbẹ̀rù náà kò rí iṣẹ́ mi dì mú, ó dì mọ́ ọkọ̀ ẹ̀lùbọ́. Bí mo bá sá lọ ṣòwò, ibẹ̀ náà ló máa bá mi lọ.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rí olùgbani-nímọ̀ràn kan nílé ìwòsàn. Ó ní bí èrò bá dé, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n kọ ẹ̀rí tó gbè é lẹ́yìn, kí n kọ èyí tó ta kò ó. Iṣẹ́ tí mò ń fi kọnkéré ṣe náà nìyẹn, kò ṣòro fún mi. Bí ẹ̀rọ bá ń tẹ kọnkéré, abẹ́rẹ́ tó ń fi agbára hàn lára ẹ̀rọ á máa gòkè, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, àfi lójijì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á dún pàrà, tí abẹ́rẹ́ á padà sẹ́yìn. Tí a bá gbọn èyí tó ti ṣí dànù, ohun tó kù á tín-ín-rín láàárín bí ìlù gángan. Tó bá fọ́ lọ́nà míì, a máa ń béèrè bóyá a ò gbé e dọ́gba sábẹ́ ẹ̀rọ, ká tó sọ pé kọnkéré ni kò dáa. Mo wá ń bi èrò òru náà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́:

Ọmọ mi, o ṣeun. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe. Nígbà kan, bí mo bá ri òpó ààlà tán, mo máa ń padà lọ wọ̀n ọ́n, màá tún padà. Ọkọ mi ló máa ń tan tọ́ọ̀ṣì fún mi. Dókítà ní kí n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí n fọwọ́ sí i, kí n má padà mọ́, bó ti wù kó le lára mi tó. Ó le o. Ṣùgbọ́n bí mi ò ṣe padà yẹn ló pa ìbẹ̀rù náà kú díẹ̀díẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ní ṣé mo ti ń ya wèrè ni tí mò ń lọ sílé ìwòsàn. Ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé ní Àró, l'Ábẹ́òkúta, kí wọ́n máa tibẹ̀ wá gbàtọ́jú nílé ìwòsàn. Bí tiwọn ò bá jẹ́ ohun ìtìjú, mélòómélòó wá ni ti ìdààmú ọkàn lásán?

Arákùnrin Akẹ̀sán:

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi yàtọ̀, kí àwọn tó ń kà á má bàa rò pé bákan náà ni fún gbogbo ènìyàn. Sáìtì ni mo ti ṣiṣẹ́. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ní kí n fọwọ́ sí irin tó kéré sí èyí tó wà nínú àwòrán. Oorun dá lójú mi. Ọjọ́ tí mo kúrò níbẹ̀ ni mo sùn àsùnjí. Ìbẹ̀rù tèmi mọ ohun tó ń sọ.

Ọmọ Ajílété:

Bùọ̀dá, òótọ́ ni, mo gbà. Tiyín ní ẹ̀rí, ó sì dára tí ẹ kúrò.

Ẹni tó bi mí pé nínú ọ̀nà mẹ́ta yẹn, èwo ni mo mú: mo dúró ṣe másítáàsì. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀rọ̀ Jámánì di ẹ̀yìn ìyẹn, wọ́n bínú díẹ̀, ó ti tán. Mo sì ń bá ẹnjinníà àgbà kan ṣiṣẹ́ sáìtì lọ́jọ́ Sátidé, kí n lè ní ìrírí tí COREN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjinníà ní Nàìjíríà, máa béèrè nígbà tí mo bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Àyà ṣì máa ń já mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó já mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sùn nígbà tó yá, a sì dáná ṣùkù láàárọ̀.