Èsì sí "ayùn àgbélébùú": ìbú ni ẹ wí, ẹ fi àgbélébùú sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, mo kí yín.

Ẹnì kan nínú wa tó ń gbé Amẹ́ríkà béèrè pé kí ni ká máa pe ayùn gígùn tí èèyàn méjì ń dì mú, tí wọ́n fi ń gé igi ìdáná lọ́hùn-ún, èyí tí òyìnbó ń pè ní "crosscut saw". Ká tó wí, ká tó fọ̀, àbúrò wa kan ti dá "ayùn àgbélébùú" sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òyìnbó fi ń pe igi tí wọ́n kan Jésù mọ́ wà nínú orúkọ ayùn náà, ó parí!

Tí mo bá ní kí ọmọ lọ gbé ayùn àgbélébùú wá, ṣọ́ọ̀ṣì ló máa gbà lọ. Mo mọ̀ pé ìbú wà níbẹ̀: à-gbé-lé-ìbú. Ṣùgbọ́n Bíbélì ti gba ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì ní dá a padà. Ẹlòmíràn tún kọ "ayùn agé-ibú". Àmì ohùn dà? Ibú ni ibi tí odò ti jìn, bí ibú Ọ̀ṣun. Ìbú ni ìkejì òòró. Ẹni tó bá fẹ́ fi ayùn gé ibú, kó lọ bá ẹja jíròrò.

Baba tó bí bàbá mi rẹ́ gẹdú nígbó Ìdànrè kí ẹ́ńjìnì tó dé. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á yí ìtì ìrókò sórí rẹ̀, ẹnì kan á dúró lókè, ẹnì kejì á wà nínú kòtò, èérún igi á máa dà sí i lójú. Pákó ni wọ́n ń là níbẹ̀, ní òòró, eyín ayùn bẹ́ẹ̀ sì ń gbẹ́ igi ni. Èyí tó ń gé ìtì ní ìbú yàtọ̀: eyín rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀bẹ, ó ń já fọ́nrán igi lọ́tùn-ún lósì, àwọn eyín mìíràn tí kò ga tó wọn á sì máa wa èérún jáde. Ẹ fi ti òòró gé àyín ní ìbú, ẹ ó rí i bí yóò ṣe máa fa igi ya. Ìdí nìyí tí "ayùn eléèkù méjì" tí ẹnì kan tún dábàá kò fi tó: ti inú kòtò náà ní ibi ìdìmú lókè nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni irú ti ìbú kan wà tí ẹnì kan ń dá lò. A kúkú ní "dábùú" nílé. Ayùn ìdábùú ni mo fọwọ́ sí.

—

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ ìdábùú, igi tó dí ọ̀nà ni mo ń rò. Àti pé ta ló ń fi ayùn gé igi ìdáná nílé wa? Àwọn ìyá wa ń ṣẹ́gi, àáké la fi ń làgi. Ẹ tún gbọ́: ṣé kì í ṣe inú "lọ yún bọ̀" ni ayùn ti jáde? Ó ń lọ, ó ń bọ̀.

—

Àbúrò, yún ohùn òkè, ayùn ohùn ìsàlẹ̀. Ta ló kọ́ ọ ní gírámà? Ayùn ẹlẹ́ni méjì yẹn, fífà ni, a kì í tì í. Ẹni tó bá tì í, irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà á tẹ̀.

—

Èmi tí mo béèrè rèé. Kì í ṣe àwọn tó ń dáná nìkan ló ń lò ó níbí. Òfin Wilderness Act ti 1964 kò gba ẹ́ńjìnì láyè nínú àwọn igbó kan, nítorí náà ayùn yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba fi ń gé igi tó bá wó dí ọ̀nà. Ẹ wo bí "ìdábùú" ṣe wá ń bá mi lára mu! Ṣùgbọ́n kí ni ká pe ẹni tó ń pọ́n ọn? Mo fẹ́ kọ "apọ́nyùn", ẹ̀rù ń bà mí kí ẹnì kan má ní àpọ́n ni mò ń bú.