Abíyá ìyá mi ń bó nítorí ìtànṣán: ṣé kí n fi òrí pa á?

Ọmọ Aláṣọ, Mushin
Ẹ kú ilé o. Ìyá mi ni mo ń bèèrè fún. Balógun ni wọ́n ti ń ta áńkárá kí jẹjẹrẹ ọyàn tó dá wọn jókòó sílé. Wọ́n ti gé ọyàn òsì, wọ́n ti gba kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, tán. Ìtànṣán, iná ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ló kù: ìgbà 15 ni dókítà kọ, Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Àná ni wọ́n gba ìkọkànlá.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ kejì, awọ ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Báyìí abíyá wọn ti ń bó, omi ń sun níbẹ̀, wọn ò lè gbé apá sílẹ̀. Ooru Èkó yìí ò sì jẹ́ kó gbẹ. Màmá kan nínú ọgbà wa gbé òrí àti àdí àgbọn wá, wọ́n ní kí n máa fi pa á láàárọ̀ ká tó lọ.

Èyí tó dùn mí jù: wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin sún mọ́ ìyá àgbà rẹ̀, pé iná ẹ̀rọ yẹn á ràn án. Láti Sátidé ni mo ti ń dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ń sunkún lóru. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Ìbejì, Ṣùrùlérè
Ọmọ mi, jẹ́ kí ọmọ yẹn wọlé lónìí. Ìta ni ẹ̀rọ náà ti ń tan ìtànṣán sí wọn lára. Bí wọ́n bá ti pa á, ó parí nìyẹn, kò sí ohun tó kù tó lè ran ẹnikẹ́ni. Èmi náà gbà á, ẹsẹ̀ mi ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń sùn lé. Bùbá òwú ọkọ mi tó fẹ̀ ni mo ń wọ̀, kí aṣọ má baà ha mí lára. Ẹ mọ̀ o: ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìgbà tí mo parí ló le jù. Àárẹ̀ mú mi débi pé mi ò lè ṣa ìrẹsì tán kí n tó dùbúlẹ̀. Mo rò pé àìsàn ti padà ni. Kò padà.

Nọ́ọ̀sì, Èbúté Mẹ́tta
Omi tó ń sun yẹn, ẹ fi han àwọn tó ń tọ́jú wọn lónìí, ẹ má dúró de ọjọ́ dókítà. Awọ tó ti ṣí lè gba kòkòrò àrùn. Bí ibà bá dé, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi òrí tàbí àdí sójú egbò. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò lóòórùn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Ẹ má fọ àmì tí wọ́n kọ sí wọn lára láti fi darí ẹ̀rọ. Ẹ má sì torí awọ dá ìtọ́jú dúró fúnra yín.

Ọmọ Aláṣọ, Mushin
Ẹ ṣé gan-an. A fi han nọ́ọ̀sì wọn láàárọ̀ yìí. Wọ́n fi báńdéèjì tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò bò ó, wọ́n fún wọn lóògùn ìrora. Ọmọ mi wà lórí ibùsùn ìyá àgbà rẹ̀ báyìí. Apá ọ̀tún ni mo ní kó sùn sí.