Gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sìlíńdà ọkọ̀ mi ti jó lẹ́ẹ̀mẹ́ta: kí ni ó ń pa á?

Awakọ̀ Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ọkọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ oní-sìlíńdà mẹ́rin ni mo ń wà, ọdún 2007 ni wọ́n ṣe é, mo sì ti pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù rẹ̀ (ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí ó dí àárín tọ́ọ̀pù, orí ẹ́ńjìnì, àti búlọ́ọ̀kù, ara ẹ́ńjìnì) lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù 14. Nígbà àkọ́kọ́, inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni mo wà ní Mọ́wé, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí ọwọ́ tí ń ka ooru fi dé orí pupa kí n tó rí ibi tí mo lè yà sí. Mẹkáníìkì mi yọ thermostat (ohun tí ń ṣí ọ̀nà omi sí rẹdiétọ̀ bí ẹ́ńjìnì bá gbóná) dànù, ó ní ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ṣe é fún, ó fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ó sì ní kí n máa bu omi sí rẹdiétọ̀ láràárọ̀. Ó tún jó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Wọ́n gbé tọ́ọ̀pù lọ fá lórí ẹ̀rọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n àwọn bọ́ọ̀tì àtijọ́ náà ni wọ́n fi dè é padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní báyìí, omi tún ń dín kù, ó tó lítà kan lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ẹ̀kán kan nílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Èéfín funfun ń jáde láàárọ̀, hóòsì òkè sì máa ń le gbagidi kí ẹ́ńjìnì tó gbóná. Ọ́ìlì ṣì mọ́. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀. Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn, n kò lè gbé e tì. Ṣé ayédèrú ni àwọn gáskẹ́ẹ̀tì tí mo ń rà ni, àbí nǹkan mìíràn ni?

Mẹkáníìkì Abẹ́òkúta

Ọ̀gá mi, ẹ kú ìnáwó. Gáskẹ́ẹ̀tì kì í ṣàdédé jó. Bí mẹ́ta bá jó tẹ̀léra, ohun tí ó pa àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó wá a. Èéfín funfun àti hóòsì tí ó le ní òtútù mú kí n fura pé gáàsì inú sìlíńdà ń wọ inú omi, àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u kí ẹ tó rí ẹ̀rí. Ohun èlò kan wà tí a ń gbé lé ẹnu rẹdiétọ̀, tí omi búlúù wà nínú rẹ̀. Bí gáàsì ẹ́ńjìnì bá wà nínú omi ọkọ̀ yín, búlúù náà yóò di yẹ́lò.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀tì yẹn ni ó ká mi lára jù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì òde òní, a ṣe bọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù kí ó lè fà díẹ̀ nígbà tí a bá dè é, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì ń lò ó. Irin ni bọ́ọ̀tì, alumíníọ́mù sì ni tọ́ọ̀pù, ó sì ṣeé ṣe kí búlọ́ọ̀kù náà jẹ́ alumíníọ́mù. Bí ooru bá mú alumíníọ́mù, ó máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì irin, nítorí náà, ẹ́ńjìnì tí ó bá gbóná kọjá ààlà yóò fa bọ́ọ̀tì náà gùn, tàbí kí ó fa tírẹ́ẹ̀dì (ìlà yíyí tí bọ́ọ̀tì ń dì mọ́) inú ihò búlọ́ọ̀kù já. Lẹ́yìn èyí, bí ẹ tilẹ̀ fi gáskẹ́ẹ̀tì tí ó dára jù lọ láyé sí i, kò sí ohun tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ẹni tí yóò tú u fi irin títọ́ wọn ojú tọ́ọ̀pù: nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, bí àlàfo bá ti ju 0.05 mílímítà lọ, ó ti wọ́ nìyẹn, irun orí ẹyọ kan sì lè nípọn jù bẹ́ẹ̀. Kí ó lo torque wrench (sípánà tí ń wọn agbára tí a fi ń di bọ́ọ̀tì), kí ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìpele ìpele bí ìwé ẹ́ńjìnì náà ṣe là á sílẹ̀.

Ẹ dá thermostat padà. Nǹkan bí 82 sí 88 lórí ìwọ̀n Celsius ni ó ń ṣí, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní London. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan, bí ẹ bá yọ ọ́, omi yóò máa yí po nínú ẹ́ńjìnì láìgba inú rẹdiétọ̀ kọjá dáadáa. Ẹ sì dẹ́kun omi kànga. Ohun funfun tí ń dì mọ́ ìdí kẹ́tùrù ń dì mọ́ ihò tóóró rẹdiétọ̀ bákan náà. Kúláńtì (omi tí wọ́n ṣe fún rẹdiétọ̀) àti omi mímọ́, ìdajì sí ìdajì, kì í hó títí yóò fi kọjá 120 bí ọmọrí rẹdiétọ̀ bá ń tẹ̀ dáadáa, ó sì tún ń dènà ìpẹtà.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Bọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹdiétọ̀ kí wọ́n tó tú ohunkóhun. Èmi náà kì í rí omi nílẹ̀. Wọ́n ti ń múra àtitú ẹ́ńjìnì mi kí a tó rí i pé ike orí rẹdiétọ̀ ni ó sán tóóró. Ìgbà tí ó bá gbóná nìkan ni ó ń jò, omi náà sì ń gbẹ lójú ẹsẹ̀ lórí irin gbígbóná.

Rìwáyà Ìkòròdú

Ẹ wo ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀: inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ń tu rẹdiétọ̀. Bí ó bá dúró, fáànù nìkan ni ó kù. Ẹ tan ẹ́ńjìnì kí ẹ dúró tì í títí yóò fi gbóná, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i pé fáànù méjèèjì ń yí.

Awakọ̀ Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, tọkàntọkàn. Rẹdiétọ̀ kò jò nígbà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí i. Búlúù di yẹ́lò kíákíá. Fáànù kejì kò yí rárá, relay rẹ̀ (suwíìṣì tí ń fún un ní iná) ti kú, bóyá láti ọjọ́ Mọ́wé ni. Nígbà tí mẹkáníìkì mìíràn tú tọ́ọ̀pù, ojú rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀tì mẹ́ta ní ẹ̀yìn jáde pẹ̀lú alumíníọ́mù tí ó lọ́ mọ́ wọn lára. Ó lu ihò bọ́ọ̀tì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó fi àfibọ̀ irin oní-tírẹ́ẹ̀dì sínú wọn, bọ́ọ̀tì tuntun ni ó sì lò. Oṣù méjì rèé, omi kò dín kù. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí a tún àwọn bọ́ọ̀tì náà dì lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún kìlómítà, bí bàbá kan ṣe sọ fún mi?

Mẹkáníìkì Abẹ́òkúta

Ẹ má ṣe é. Ti àwọn gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni bàbá ń sọ. Bọ́ọ̀tì tí a fi ìwọ̀n ìyípo dì ti fà tó bí ó ṣe yẹ, bí a bá tún un dì, a óò tún fà á kọjá ààlà ni. Ẹ kàn máa wo ojú omi láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù.