Kọ́ìnì crown ti Ọbabìnrin Victoria, ọdún 1889: báwo la ṣe ń mọ gíréèdì rẹ̀ àti iye tó tó?

Osomaalo_Ilesa béèrè:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kọ́ìnì àtijọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo wà. Kọ́ìnì ńlá kan wà nílẹ̀ tí ẹbí fẹ́ kí n bá wọn mọ iye tó tó. Orí Ọbabìnrin Victoria wà lójú kan, ó dé adé kékeré, ìborí sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lójú kejì, ọkùnrin kan lórí ẹṣin ń bá dírágónì jà, 1889 wà nísàlẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Síkéèlì àwọn tó ń ra wúrà níbí gbé e sí gíráàmù 28.05. Fífẹ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní mìlímítà 38. Òòfà ò fà á. Ó ti dúdú yí àwọn lẹ́tà ká. Ẹnì kan ti ná an ní ₦20,000.

Ṣé fàdákà gidi ni? Gíréèdì wo lẹ máa fún un? Ṣé ká fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ ká tó tà á?

Lagere_Fadaka:

Ẹ má fọ̀ ọ́ o, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni wọ́n ń pè ní crown, ṣílè márùn-ún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Orí aládé kékeré yẹn ni wọ́n ń pè ní Jubilee. Ọdún 1887, tí Victoria pé àádọ́ta ọdún lórí oyè, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ti crown sì parí ní 1892. Bó ṣe jáde tuntun, gíráàmù 28.28 ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 38.6, fàdákà 925 nínú 1,000, bàbà ló kù. 28.05 tẹ́ ẹ rí yẹn bójú mu, ìlò ló jẹ ìyókù.

Ẹ wo etí kọ́ìnì náà. Eyín wẹ́wẹ́ ló yẹ kó yí i po, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Victoria arúgbó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1893 ló ní ọ̀rọ̀ létí, torí náà Jubilee 1889 tó bá ní ọ̀rọ̀ létí, ayédèrú ni. Tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá la àárín etí náà yíká, inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti dà á. Ẹ tún fi awò wo ẹ̀gbẹ́ 1889: B.P. kékeré yẹ kó wà níbẹ̀, ti Pistrucci tó ya ẹṣin náà.

Ti pé òòfà ò fà á kò tíì parí ọ̀rọ̀. Bàbà, idẹ, òjé, tánganran, òòfà ò fa ìkankan nínú wọn. Omi ni kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé ife ike kékeré tí omi wà nínú rẹ̀ lé síkéèlì tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo. Ẹ so kọ́ìnì náà mọ́ òwú ìránṣọ, kẹ́ ẹ rì í sínú omi tán pátápátá, àmọ́ kó má kan ìdí ife, kó má kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tó bá jáde, òun lẹ máa fi pín 28.05. Tó bá jẹ́ nǹkan bíi 10.3, fàdákà ni. Tí ìdáhùn bá wà láàárín 8.5 sí 9, idẹ tàbí bàbà oníníkẹ́ẹ̀lì ni. Ìhó omi tó bá lẹ̀ mọ́ ọn máa ń jẹ́ kí fàdákà gidi dà bí ayédèrú, nítorí ó ń fi kún nọ́ńbà omi. Ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan nínú omi náà máa tú u kúrò. Tó bá sì kan ìdí ife, nọ́ńbà máa fò sókè gan-an, ẹ ó kàn tún un ṣe ni. Síkéèlì ilé ìdáná ò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Moremi_Koini:

Ní ti gíréèdì, ìyẹn bí ojú kọ́ìnì ṣe jẹ tó, iná kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò, kó ti ẹ̀gbẹ́ tàn wá, kẹ́ ẹ máa yí kọ́ìnì náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ibi tó yọ sókè jù ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Lójú Victoria: irun tó wà lókè etí ọbabìnrin náà, ìpéǹpéjú, àti àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ara adé. Lójú kejì: àkẹtẹ̀ irin orí jagunjagun náà, itan rẹ̀, àti èjìká ẹṣin. Tí irun bá ti di ìṣù kan, tí fọ́nrán díẹ̀ ló kù, Fine ni. Tí àwọn fọ́nrán ńlá bá hàn kedere àmọ́ tí orí wọn tẹ́, VF (Very Fine) ni. EF (Extremely Fine) ni tí jíjẹ kò bá ju orí ṣóńṣó lọ, tí dídán àkọ́kọ́ ṣì fara pamọ́ sáàárín àwọn lẹ́tà. Uncirculated, èyí tí wọn ò tíì ná rí, kò gbọ́dọ̀ jẹ níbì kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè ní ojú ọgbẹ́ kéékèèké, torí inú àpò kan náà ni àwọn kọ́ìnì ńlá wọ̀nyí ti ń lu ara wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń pe títẹ̀ tí kò wọlé dáadáa ní jíjẹ. Ibi tó jẹ máa ń dán gbọ̀ọ́rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ ò tẹ̀ tó máa ń tẹ́ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ àti ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń lo nọ́ńbà 1 sí 70, rọ̀ ju ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ. EF tiwọn lè má ju VF lọ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Fàdákà ló bá sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) inú afẹ́fẹ́ pàdé, àwọn olùkójọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Eérú máa ha á, ọsàn máa jẹ ojú rẹ̀, ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ò ní lọ mọ́ láéláé. Tó bá jẹ́ òróró tàbí gọ́ọ̀mù ló wà lára rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú acetone lásán (omi kẹ́míkà tó ń tú òróró) níbi tí atẹ́gùn wà, jìnnà sí iná, kẹ́ ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbá omi rẹ̀ mu. Ẹ má nù ún.

Atakunmosa_Ra_Ta:

₦20,000 kéré. Ẹ ṣírò fàdákà inú rẹ̀ fúnra yín: 28.05 lọ́nà 0.925 jẹ́ gíráàmù 25.95, ẹ fi 31.1, iye gíráàmù tó wà nínú ounce fàdákà kan, pín in, ó di ounce 0.834. Ẹ wo iye tí ounce kan jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ká ní $30 ni, tí dọ́là kan sì jẹ́ ₦1,500, ó ti lé ní ₦37,000, láìka pé kọ́ìnì àtijọ́ ni. Alágbẹ̀dẹ máa yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ torí pé ó máa yọ́ ọ, ìyẹn ò burú.

Ọdún 1889 ò ṣọ̀wọ́n, wọ́n tẹ̀ ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Nítorí náà Fine àti VF kì í fi bẹ́ẹ̀ ju owó fàdákà inú wọn lọ. EF sókè ni owó olùkójọ ti ń wọlé. Lórí eBay, àwọn tí wọ́n ti tà ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe iye tí ẹlẹ́rù ń pè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo etí kọ́ìnì náà lókè orí ọbabìnrin. Ṣé ibì kan wú níbẹ̀?

Osomaalo_Ilesa:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Nínú omi, 2.72 ló jáde. Etí ò ní ìlà, B.P. wà. Fọ́nrán irun hàn, orí wọn ló tẹ́. Àmọ́ lóòótọ́, ibì kan wú lókè adé, eyín etí ò hàn níbẹ̀, ó sì rí bí òjé.

Atakunmosa_Ra_Ta:

28.05 pín sí 2.72 jẹ́ 10.31. Fàdákà gidi ni. Àmọ́ wọ́n ti jó òrùka mọ́ ọn rí láti fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Ojú rẹ̀ ń sọ VF, ṣùgbọ́n ilé gíréèdì, àwọn tó ń gbowó yẹ kọ́ìnì wò, ò ní fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á kàn kọ ọ́ pé wọ́n ti bà á jẹ́. Ẹ má náwó ránṣẹ́ sí wọn rárá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fáìlì ha òjé náà kúrò, eyín etí máa bá a lọ.

Iye fàdákà inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró lé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á fún olùkójọ, ẹ ya àwòrán ojú méjèèjì àti ti ibi tó wú yẹn, kẹ́ ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i. Kó tó dìgbà náà, inú bébà líle ni kó wà. Ọ̀rá rírọ̀ oní-PVC máa ń sun nǹkan àwọ̀ ewé sára fàdákà.