Ṣé wọ́n tún un ṣe ni, àbí wọ́n wó o tún kọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ tí àbúrò wa ní Kétu, ní Benin níbí, ti béèrè ohun tí à bá máa pe ẹ̀ṣánjẹ̀ (échangeur, oríta tí ọ̀nà kan ti ń gba orí èkejì kọjá) ní èdè wa, nítorí ìròyìn kan tó ń túmọ̀ láti inú Faransé. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ṣábẹ ní ká pè é ní "ibùdó ìpààrọ̀ ọ̀nà", pé ohun tí Faransé ń sọ nìyẹn. Ẹlòmíràn ní "afárá" ti tó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbà bọ́ sórí "àtúnṣe". Ẹ̀gbọ́n ní kò sí ìdí tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe lára ẹ̀ṣánjẹ̀ tó ti gbó: bí wọ́n lẹ̀ ẹ́ o, bí wọ́n wó o o, àtúnṣe ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó fèsì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kúrò lórí orúkọ. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, bí ẹ bá sọ "ibùdó ìpààrọ̀" fún ìyá kan ní ọjà Wàǹdó, owó ló máa wá sí i lọ́kàn, náírà àti sẹ́fà, bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ẹ ní ẹnubodè Kraké. Ọkọ̀ kì í pààrọ̀ nǹkan kan lórí ẹ̀ṣánjẹ̀. Ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta ló pàdé, ọ̀kan gba òkè, èkejì gba ìsàlẹ̀, ẹni tó fẹ́ yà gba ẹ̀ka tó tẹ̀ kọrọdọ, kò sí ẹni tó ń dúró de ẹnìkan. Ti Godomey, nítòsí Kútọnu, ni gbogbo wa mọ̀, níbi tí ọ̀nà Wìdà àti ọ̀nà Calavi ti pàdé. "Afárá" náà kò tó, torí afárá tó wà lórí ọ̀sà níhìn-ín kì í ṣe oríta. A ń sọ pé ilé alájà méjì. "Oríta alájà" á yé ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yan ẹ̀ṣánjẹ̀, n kò ní bá yín jà, ó ti wà lẹ́nu àwọn oní-zémidjan, àwọn ọlọ́kadà wa.

Àtúnṣe ni mo bá wá.

Bàbá mi kékeré, àbúrò bàbá tó bí mi, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló fi tọ́ ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, ògiri yàrá ìyá mi là, a ránṣẹ́ pè é. Ó dé, kò sọ̀rọ̀. Ó yí irin tó fi ń rẹ́lé padà, ó ń fi èèkù rẹ̀ kan ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Níbì kan, ó dún kì, kì. Níbòmíràn, ó dún gbo, gbo, bí igbá òfìfo. Ó fi ẹfun sàmì sí ibi tó dún gbo, ó ní, "Èyí, ìrẹ́ ló ṣí. A ó ha á, a ó tún un rẹ́." Ó dé ìdí òpó tó wà ní igun, ó fi ìka yọ sìmẹ́ǹtì tó ti di ìyẹ̀fun, irin inú rẹ̀ yọ síta, ìpẹtà ń bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Ó ní, "Èyí kò gba rírẹ́ mọ́. Wíwó ni."

Ẹ̀yin ará, kò pe àtúnṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní ha, ó ní rẹ́, ó ní wó. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ìyá mi ti mọ̀ bóyá owó tó wà lọ́wọ́ òun á tó, ó ti mọ̀ pé òun máa kó ẹrù kúrò ní yàrá, ó sì ti ń ronú ibi tí òun máa sùn.

Ẹ wá wo ìròyìn tí àbúrò wa fẹ́ túmọ̀. Oríta Turcot ni, ní Montréal ní Kánádà. Ọdún 1967 ni wọ́n ṣí i. Òkè téńté ni wọ́n gbé e sí, nítorí ó gba orí ipa omi tí wọ́n gbẹ́ ní Lachine kọjá, ọkọ̀ ojú omi sì gbọ́dọ̀ ráyè gba abẹ́ rẹ̀. Nígbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́. Omi iyọ̀ yẹn á wọ inú kankéré, á máa jẹ irin inú rẹ̀. Irin tó bá dípẹtà á wú, bó bá sì wú, á fọ́ kankéré tó bò ó. Ohun tí bàbá mi kékeré fi ìka yọ nínú òpó ìyá mi náà nìyẹn, àfi pé iyanrìn ọ̀sà ló gbé iyọ̀ tiwa wá.

Ọkọ̀ tó lé ní 300,000 ló ń gba Turcot kọjá lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń gé ibi tó fẹ́ já bọ́, tí wọ́n ń fi irin gbè é. Ní 2007, ìjọba Québec kéde pé àwọn máa wó o, àwọn máa kọ́ òmíràn. Ní 2009, wọ́n pe ìjókòó gbangba kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Èèyàn bínú, nítorí pé nínú ètò àkọ́kọ́ yẹn, ilé tí wọ́n ń gbé wà lára ohun tó máa lọ. Àwọn mìíràn ní ọkọ̀ èrò ló yẹ kó pọ̀ sí i, kì í ṣe ọ̀nà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Wọ́n padà yẹ ètò náà wò. Iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ ní 2015, wọ́n wó ti àtijọ́, tuntun sì sún mọ́ ilẹ̀ jù ú lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi "àtúnṣe" túmọ̀ gbogbo èyí, kí ẹ kà á sétí ẹni tí kò gbọ́ Faransé: "Ìjọba fẹ́ ṣe àtúnṣe sí oríta Turcot, àwọn ará àdúgbò sì ń fẹ̀hónú hàn." Olùgbọ́ á ní, ta ni yóò máa bínú pé wọ́n fẹ́ tún ọ̀nà ṣe? Àwọn tí wọ́n fẹ́ wó ilé mọ́ lórí á wá dà bí aláìmoore. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ti dá ẹjọ́ fún wọn, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ tẹnu wọn. Bó bá ṣe Àjàṣẹ́ tàbí Sẹ̀mẹ̀ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ ńkọ́, tí wọ́n kà á fún wa lórí rédíò pé àtúnṣe ni?

Èkó ni ẹ ti lè rí èyí tó jẹ́ àtúnṣe ní tòótọ́. Afárá Third Mainland, tí wọ́n parí ní 1990, wọ́n tì í lápá kan ní oṣù Keje 2020, wọ́n pààrọ̀ irin àti rọ́bà tó wà níbi tí kankéré ti fẹnu kan kankéré. Afárá náà kò kúrò níbi tó wà.

Àbúrò, ìlú yín gan-an ló fún mi ní ẹ̀rí tó dá mi lójú jù. Ní 1886, ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú, ilẹ̀ dahoro. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni àwọn tó kù padà wálé. Ta ló jẹ́ sọ pé wọ́n ṣe àtúnṣe Kétu? Wọ́n tún ìlú tẹ̀dó ni. Bí wọ́n bá rẹ́ ògiri Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú yín, lónìí, àtúnṣe ni. Bó bá wó lulẹ̀ pátápátá (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́) tí wọ́n gbé òmíràn dìde, n kò rò pé ẹnu ọmọ Kétu kankan á gbà á láti pè é bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wà lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ ká lò ó. Aṣọ tó ya, a ń bu àbùlẹ̀ sí i. Títì tí wọ́n kàn dí ihò ojú rẹ̀, àbùlẹ̀ náà ni. Kí àtúnṣe dúró fún ohun tó ṣì wà nídùúró tí wọ́n ń mú ibi tó bàjẹ́ lára rẹ̀ bọ̀ sípò. Èyí tí wọ́n wó, àwọn kan nínú yín ti dábàá "àtúnkọ́", ó sì dára létí. Ojú ìwé ló ń bà mí lẹ́rù. Púpọ̀ nínú wa kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí wọ́n tún kọ àti orin tí wọ́n tún kọ, "atunko" kan náà ni. Mo fẹ́ "àwótúnkọ́". Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n á ní nínú àṣetúnṣe àti àjẹtúnjẹ, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló ń jáde lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n méjì tó yàtọ̀ síra ni mo dìídì fẹ́, kí wíwó má baà ríbi sá pamọ́ sí.

Bí ẹ kò bá sì fẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun rárá, ẹ lo ọ̀rọ̀-ìṣe bíi bàbá mi kékeré. "Ṣe àtúnṣe sí" yìí, Faransé ló ń fà wá lẹ́sẹ̀ síbẹ̀, èdè tó fẹ́ràn láti sọ ohun téèyàn ṣe di orúkọ. Yorùbá máa ń sọ ẹni tó ṣe é àti ohun tó ṣe. Mo fi tún ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ìròyìn náà gbé kalẹ̀ báyìí, kí àbúrò wò ó: "Oríta alájà kan wà ní Montréal tó ń jẹ́ Turcot. Iyọ̀ ti jẹ irin inú rẹ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ títí, kò gba lílẹ̀ mọ́. Ìjọba ní àwọn máa wó o, àwọn máa kọ́ òmíràn, àwọn á sì wó ilé díẹ̀ tó wà létí rẹ̀."

Mo kà á fún bàbá mi kékeré lánàá. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Àwọn onílé yẹn ńkọ́, ibo ni wọ́n ní kí wọ́n kó lọ?"