Kọ́ọ̀pù kírikẹ́ẹ̀tì fún tíìmù kejì: ta ni ká pè ní ọmọ tíìmù kejì gan-an?

Akọ̀wéTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà kírikẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti gbé ẹrù kan rù mí, mo sì ti gbà kí n tó mọ bó ṣe wúwo tó. Ìdíje kọ́ọ̀pù ni, ti tíìmù kejì àwọn kílọ́ọ̀bù àdúgbò. Ófà ogún-ogún ni (bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló wà nínú ófà kan), ìrọ̀lẹ́ àárín ọ̀sẹ̀ la máa ń gbá a, tíìmù tó bá sì fìdí rẹmi, ilé yá. Akọ̀wé tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ fi ipò sílẹ̀ lẹ́yìn àṣekágbá tó kọjá. Àpò ọ̀rá kan ló kó fún mi: ife ẹ̀yẹ tí etí rẹ̀ kan ti yẹ̀, bọ́ọ̀lù méjì tí wọn ò tíì lò, àti ìwé òfin olójú-ewé kan.

Inú ojú-ewé kan yẹn ni wàhálà wà. Ohun tí wọ́n kọ nípa ẹni tó lè gbá a kò ju gbólóhùn kan lọ: "Àwọn ọmọ tíìmù kejì nìkan." Ó parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ àṣekágbá yẹn, èmi ni mo ń yí nọ́ńbà ojú pátákó. Kílọ́ọ̀bù kan mú ajùbọ́ọ̀lù kan wá tó jẹ́ pé Sátidé tó ṣáájú gan-an ló mú wíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ìyẹn ni pé ó lé ẹni márùn-ún tó ń gbá báàtì jáde, fún tíìmù àkọ́kọ́ wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ kò ó lójú ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ń lo awò ojú. Bọ́ọ̀lù kejì bà á ní ìka. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó wo ìka náà, ó tún ìbọ̀wọ́ wọ̀. Bọ́ọ̀lù kẹta hú igi àárín nínú igi mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì jáde. Nígbà tí wọ́n gba ife, àwọn ìyàwó wọn nìkan ló pàtẹ́wọ́. A bi balógun wọn léèrè, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ọmọ kílọ́ọ̀bù wa ni?" Ọmọ kílọ́ọ̀bù wọn ni lóòótọ́, òun náà ò parọ́.

Kílọ́ọ̀bù 13 ló ti forúkọ sílẹ̀. Báwo ni kí n ṣe kọ òfin ẹni tó lè gbá a? Báwo ni wọ́n ṣe ń pín 13 tí kò ṣe é pín yìí? Tí òjò bá sì dé ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, bó bá le, ẹ sọ fún mi pé ó le.

ÀgbàLẹ́yìnWíkẹ́ẹ̀tì

Àbúrò, o kú oríire, o sì kú ewu. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe irú iṣẹ́ yìí kí orúnkún mi àti ìyàwó mi tó jọ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, torí kò sí kílọ́ọ̀bù tó jí láàárọ̀ tó ní òun fẹ́ ṣe màgòmágó. Ẹnì kan ò yá, ẹnì kan há síbi iṣẹ́, balógun wá pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó wà ní tíìmù àkọ́kọ́ pé kó wá bá àwọn dí àlàfo. Ní ìpele àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. Tó bá fi máa di ìpele tó kángun sí àṣekágbá, àlàfo ti di mẹ́rin, gbogbo ẹni tó ń dí i ló sì ń ju bọ́ọ̀lù bí ìbọn. Torí náà, má gbé òfin rẹ lé ìwà. Gbé e lé ohun tí èèyàn lè kà.

Tèmi nìyí. Kí ẹ tó ṣẹ́ kèké rárá, kí kílọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ mẹ́jọ wá nínú tíìmù àkọ́kọ́ wọn. Àwọn mẹ́jọ yẹn ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan kọ́ọ̀pù. O lè ní kí ló dé tí kì í ṣe mọ́kànlá. Ìdí ni pé àyè mẹ́ta tó kù nínú tíìmù àkọ́kọ́, àwọn tó jẹ́ ipò kẹsàn-án ni báàtì máa ń kàn wọ́n, tí wọn kì í sì í ju bọ́ọ̀lù, ló máa ń gbà á, òní wọ́n wà, ọ̀la wọn ò sí. Ọmọ tíìmù kejì gidi nìyẹn, má lé wọn. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti gbá ju ìdajì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì tíìmù àkọ́kọ́ lọ lọ́dún yẹn, ó ti jáde, bí orúkọ ẹ̀ ò tiẹ̀ sí nínú mẹ́jọ. Ti ìpele méjì tó gbẹ̀yìn wá le díẹ̀: kò sẹ́ni tó máa gbá a àfi ẹni tó bá ti gbá kọ́ọ̀pù yìí rí lọ́dún náà, tàbí tó ti gbá líìgì mẹ́ta fún tíìmù kejì. Èyí nìkan ló máa lé ajùbọ́ọ̀lù tó o sọ yẹn lọ sílé.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo gba orúkọ, kílọ́ọ̀bù kan kọ orúkọ tó pé. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, méjì nínú wọn ti fi kílọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ tipẹ́, ẹnì kẹta ti ṣẹ́sẹ̀ láti ìgbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo fi kún òfin: ẹni tí ẹ bá kọ orúkọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbá ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú.

Má bu owó ìtanràn lé wọn o. Wọ́n á san án, wọ́n á sì gba ife. Tíìmù tó bá fi ẹni tí kò yẹ gbá, yọ wọ́n, kí àwọn tí wọ́n lù tẹ̀ síwájú. Kí ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn sì fi í sùn kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀.

Ọ̀rọ̀ 13 ò le. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á lé tíìmù kan lọ sílé, ẹnì kan ṣoṣo ni kò ní lọ, torí náà 12 lẹ máa gbá, bó ti wù kẹ́ ẹ pín in. Jẹ́ kí mẹ́ta kọjá láìgbá ní ìpele àkọ́kọ́, kí mẹ́wàá yòókù gbá márùn-ún. Àwọn márùn-ún tó bá yege á bá mẹ́ta pàdé, ó di mẹ́jọ, kò sí wàhálà mọ́. Ìpele àkọ́kọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ ti fún ẹnikẹ́ni ní àǹfààní yẹn o. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi tíìmù kan sí àṣekágbá láì jẹ́ kó gbá ìpele tó ṣáájú, ìjà ò tán títí dòní.

Nǹkan kan ló jẹ́ kí n máa le koko lórí òfin orúkọ yìí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dé pápá kí wọ́n tó ju owó ẹyọ. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, jókòó lórí àpò báàtì ẹ̀, ó ti wọ aṣọ funfun tán, kò sì tíì fa sípù àpò. Ó ti gbá ìpele méjì tó kọjá. Mọ́tò mẹ́ta wọlé léraléra, àwọn géńdé mẹ́ta bọ́ọ́lẹ̀, ọmọ náà sì wo balógun ẹ̀. Balógun ní kó wá bá wọn kọ ráànù, ìyẹn àmì tí tíìmù ń gbà, sínú ìwé. Ó ṣáà kọ ọ́, ó kọ ọ́ dáadáa. Mi ò rí i ní pápá kankan lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

BalógunTíìmùKejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, òfin yín dára fún kílọ́ọ̀bù ńlá. Tíìmù méjì péré ni tiwa ní, èèyàn 24 la sì ní lápapọ̀ bí gbogbo wọn bá wá, gbogbo wọn kì í sì í wá. Sátidé ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni tíìmù àkọ́kọ́ ń yá méjì lọ́wọ́ wa. Kí ọdún tó dé àárín, àwọn méjì yẹn ti gbá ju ìdajì lọ nílé onílé, ẹ wá ní wọn ò lè padà sílé ara wọn! Ẹ̀ẹ̀kan rí, àwa mẹ́jọ la kó lọ gbá kọ́ọ̀pù nítorí irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo rò ni kẹ́ ẹ gba méjì láyè láti tíìmù àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì dè wọ́n lọ́wọ́. Ajùbọ́ọ̀lù kan kì í ju ófà mẹ́rin lọ nínú ogún; kí ti àwọn wọ̀nyí jẹ́ méjì, kí wọ́n má sì gbá ṣáájú ipò kẹfà. Kí ẹnikẹ́ni tó bá sì gba ráànù 30 yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó padà wá kìkì bí àwọn tó kù bá ti jáde tán. Ìyẹn á jẹ́ kí báàtì dé ọwọ́ gbogbo èèyàn.

ÀgbàLẹ́yìnWíkẹ́ẹ̀tì

O wí ire, ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Mo fara mọ́ ọn fún kílọ́ọ̀bù tó bá ní tíìmù méjì péré, àmọ́ kó jẹ́ àwọn tí kò sí nínú mẹ́jọ yẹn nìkan. Mẹ́jọ ò gbọ́dọ̀ wọlé, ìbáà jẹ́ ófà kan ni wọ́n fẹ́ jù. Ti 30 yẹn, mo gbà á láìjanpata. Kì í sú ni láti wò.

Pẹ́ńsùLẹ́tí

Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn lórí òjò. Èmi ni mo máa ń kọ ráànù, orí ìwé mi ni òjò máa ń rọ̀ sí.

Bí òjò bá dá yín dúró kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dín ófà kù fún àwọn méjèèjì bákan náà, kò sí ìṣirò. Èyí tó le ni kí tíìmù kan ti gbá tirẹ̀ tán, kí òjò wá ká èkejì mọ́ àárín. Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ kàn fi ìwọ̀n ráànù fún ófà kan pín in. Ẹ má gbà. Tíìmù tí wọ́n dín ófà ẹ̀ kù sí mẹ́jọ ṣì ní wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá lọ́wọ́; ojú dídì ni wọ́n á máa fi gbá a. Òdìkejì náà burú. Ní World Cup 1992, ní Sydney, ráànù 22 ló kù fún Gúúsù Áfíríkà nínú bọ́ọ̀lù 13 kí wọ́n fi lu England. Òjò dé díẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sórí pápá, pátákó ní 22 nínú bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. 21 ló yẹ kó jẹ́, bí ẹni pé ìyẹn dùn jù. Òfin ìgbà yẹn ló ń yọ ófà tí England ti gba ráànù tó kéré jù kúrò. Nítorí irú ìyẹn ni ìṣirò tí Duckworth àti Lewis gbé kalẹ̀ fún ọjọ́ òjò fi wúlò, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní 1997, tí orúkọ Stern wá kún un lẹ́yìn náà, torí ó ń ka ófà àti wíkẹ́ẹ̀tì tó kù pọ̀. Ẹ gbé e sórí fóònù àwọn akọráànù méjèèjì, kí wọ́n fi ẹ̀dà kan náà ṣe é, kí wọ́n sì dán an wò nílé. Nínú T20 ti àgbáyé, ìyẹn ófà ogún-ogún bíi tiyín, ẹni tó gbá kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ti kojú ófà márùn-ún kí èsì tó dúró. Ẹ mú ìyẹn.

Bí kò bá tó márùn-ún, tí ọjọ́ sì ti tán, ẹ ju bọ́ọ̀lù sí igi tí ẹnikẹ́ni ò dúró níwájú ẹ̀. Kì í ṣe àbùkù. Ní Durban lọ́dún 2007, Íńdíà àti Pakistan gba 141 bákan náà, ohun tí wọ́n fi yanjú ẹ̀ nìyẹn, Íńdíà gbá igi lẹ́ẹ̀mẹta, Pakistan ò gbá a rárá.

Bí ráànù bá dọ́gba lórí pápá, ẹni tó pàdánù wíkẹ́ẹ̀tì tó kéré ló borí. Ilẹ̀ á ti ṣú fún Super Over, ìyẹn ófà kan-kan tí wọ́n fi ń yanjú ọ̀mì. Ẹ má sì ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù kan ààlà o. Ohun tí England fi gba ife World Cup lọ́wọ́ New Zealand ní 2019 nìyẹn, 26 sí 17, ICC, àjọ kírikẹ́ẹ̀tì àgbáyé, fúnra wọn sì ti pa òfin náà rẹ́ kí ọdún yẹn tó parí.

Akọ̀wéTuntun

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin méjèèjì náà. Mo ti kọ ọ́ báyìí: orúkọ mẹ́jọ, méjì olófà méjì fún kílọ́ọ̀bù kékeré, ráànù 30, ìpele méjì tó gbẹ̀yìn. Ojú-ewé kan ti di mẹ́ta. Mo fi ránṣẹ́ sí kílọ́ọ̀bù mẹ́tàlá, mọ́kànlá ti fọwọ́ sí i. Ẹ gbọ́ èyí: àwọn tó gba ife tó kọjá ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Mi ò tíì mọ bóyá kí n dunnú tàbí kí n tún òfin náà kà.

ÀgbàLẹ́yìnWíkẹ́ẹ̀tì

Tún un kà.

Pẹ́ńsùLẹ́tí

Kí ẹ sì ra pẹ́ńsù fún àwọn akọráànù yín. Bírò máa ń ṣàn bí omi bá kán lé e.